Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ṣáwà Oníná Tó Ti Gbó

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní London, Manchester, Birmingham àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yín ló ní àpótí funfun kan lára ògiri balùwẹ̀, tí omi tútù ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, tí omi gbígbóná sì ń gba ọ̀pá rọ́bà jáde. Ẹ ó kọ́kọ́ fa okùn tó rọ̀ láti òkè àjà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ṣáwà oníná nìyẹn. Bó bá ti gbó, omi rẹ̀ á máa gbóná, á tún tutù lójijì, tàbí kó máa jò lábẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ tàn mọ́. Ẹ̀kọ́ wa dá lórí bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó, iṣẹ́ tí ọwọ́ yín lè ṣe, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti fà á lé oníṣẹ́ iná lọ́wọ́. A kò ní sáré. Bí a bá dé ibi tó le, a ó dúró níbẹ̀ títí yóò fi yé wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara kẹ́tùlù tó wà ní ilé ìdáná yín. Irin kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Bí irin náà bá gbóná, omi á gbóná. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní irin amómigbóná. Irú irin yìí kan náà ló wà nínú ṣáwà oníná, nínú agolo kékeré kan. Ṣùgbọ́n omi kẹ́tùlù dúró sójú kan, ó sì ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti gbóná. Omi ṣáwà kò dúró. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló fi ń kan irin. Ìdí nìyẹn tí irin ṣáwà fi gbọ́dọ̀ lágbára ju ti kẹ́tùlù lọ gan-an. Bí ẹ bá ti rí ìdí tí omi tó ń ṣàn fi ń béèrè agbára púpọ̀, a lè tẹ̀ síwájú.

Wáàtì la fi ń wọn agbára yìí. Bí wáàtì bá pé ẹgbẹ̀rún, ó di kílówáàtì kan, tí wọ́n ń kọ báyìí: kW. Kẹ́tùlù tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tó 3 kW. Ní ti ṣáwà, 7.5, 8.5, 9.5 àti 10.5 kW lẹ ó máa bá pàdé lọ́jà. Èyí já sí pé ẹni tó ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà 9.5 kW ń lo iná ju ti kẹ́tùlù mẹ́ta tí a jọ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ wo ara ṣáwà yín, iwájú àti abẹ́ rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ iye kW sí i. Bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ má tíì ṣí ìdérí rẹ̀ o, a ó débẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun la ó fi ṣe gbogbo ìṣirò tó kù. Ṣé ó ti wà níwájú yín?

Ó dáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, “Ṣáwà mi ti bàjẹ́, omi rẹ̀ kò pọ̀ mọ́,” pàápàá ní oṣù January. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó kí ẹ tó ná owó yín. Láti fi 1°C kún gbígbóná lítà omi kan, a nílò nǹkan bíi kílójúùlù 4.2. Kílójúùlù ni òṣùwọ̀n ooru tí a ń lò níbí. Irin tó jẹ́ 1 kW ń pèsè kílójúùlù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní omi tó ń wọlé nígbà òtútù jẹ́ 5°C, tí ẹ sì fẹ́ fi omi 40°C wẹ̀. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 35. Ẹ sọ 35 di ìlọ́po 4.2, ẹ ó rí 147. Irin 9.5 kW yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 àtààbọ̀ kó tó pèsè ooru yẹn fún lítà kan. Nínú ìṣẹ́jú kan, omi tí ẹ ó rí kò ní tó lítà mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá ń wọlé ní 15°C, àlàfo di 25, omi tí ẹ ó rí á sì lé ní lítà márùn-ún. Ṣáwà kan náà ni, irin kan náà ni. Omi tó ń bọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ ló yàtọ̀. Tí ti yín bá ń dín kù nígbà òtútù nìkan, tó sì ń bọ̀ sípò nígbà ooru, ó ṣeé ṣe kó má nílò pípààrọ̀ rárá. Bí àwọn òǹkà yẹn bá ṣú yín lójú, ẹ mú bírò, ẹ padà ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. N ó dúró dè yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìṣirò náà lè máa rò ó pé, “Kí n kúkú ra èyí tó lágbára jù.” Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà òtútù yẹn kan náà, 8.5 kW á fún yín ní nǹkan bíi lítà 3.5 ní ìṣẹ́jú kan, 10.5 kW á sì fún yín ní nǹkan bíi 4.3. Èrè tó wà láàárín wọn kò tó lítà kan. Èrò tèmi ni pé èrè yẹn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè ná yín, torí pé kílówáàtì méjì tí ẹ fi kún un lè sọ wáyà inú ògiri di aláìtó, kí ẹ wá di ẹni tó ń hú ògiri láti balùwẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé mo ti dárúkọ wáyà kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an la ń lọ báyìí.

Iná tó ń gba inú wáyà kọjá la ń fi áńpíà wọ̀n. Lẹ́tà A ni wọ́n fi ń dúró fún un. Ohun tó ń ti iná náà ni fóólìtì. Láti mọ áńpíà tí ṣáwà yín ń fà, ẹ fi fóólìtì pín wáàtì rẹ̀. Iye tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jẹ́ 230, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ṣáwà sábà máa ń fi 240 ṣírò iye tí wọ́n kọ sí iwájú páálí. Tí ẹ bá rí òǹkà méjì lára ṣáwà kan, bíi 9.5 kW àti 8.7 kW, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú: ẹ̀rọ kan náà ni, fóólìtì tí wọ́n fi ṣírò ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 240 ṣe tiwa. 8.5 kW ń fa nǹkan bíi 35 A, 9.5 kW ń fa nǹkan bíi 40 A, 10.5 kW ń fa nǹkan bíi 44 A. Ẹ fi ti yín ṣe é báyìí. Áńpíà mélòó lẹ rí?

Wáyà ló ń gbé áńpíà yẹn láti àpótí fíùsì wá sí balùwẹ̀. Bí bàbà inú rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń gbé iná tó láìgbóná jù. Ní àwọn ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà 6 mm² tàbí 10 mm² la sábà máa ń bá lẹ́yìn ṣáwà. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀: wáyà kan náà kì í gbé iye kan náà níbi gbogbo. 6 mm² tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, lè gbé 47 A. Ẹ ki wáyà yẹn kan náà bọ inú páìpù nínú ògiri tí wọ́n fi òwú agbóórumọ́ra dí, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ sí 32 A. Bí ó bá jẹ́ àárín òwú náà ló sùn sí, á tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo wáyà tó ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná díẹ̀. Bí ooru náà kò bá ríbi gbà jáde, rọ́bà tó bo bàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni wọ́n wá fi òwú kún òkè àjà rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti to wáyà ṣáwà, wáyà tó tó tẹ́lẹ̀ sì lè di èyí tí kò tó mọ́. Nítorí èyí, ẹni tó bá wo ẹnu wáyà nìkan kò tíì mọ agbára rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó gbà. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Tí a bá jọ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ bírékà. Bírékà ni súwíìṣì kékeré inú àpótí fíùsì tó ń jábọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá pọ̀ jù. Wáyà ló ń dáàbò bò. Òfin rẹ̀ rọrùn: áńpíà tí ṣáwà ń fà kò gbọdọ̀ ju ti bírékà lọ, ti bírékà náà kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbé lọ. Ká ní ẹ ní ṣáwà 8.5 kW tó ń fa 35 A, bírékà 40 A, àti wáyà tó lè gbé 47 A. Òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun orí ara wọn dáadáa. Ẹ wá lọ ra 10.5 kW tó ń fa 44 A. Bírékà lè bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ pẹ́. Ẹnìkan á wá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi 50 A rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò ní já mọ́; ṣùgbọ́n agbára wáyà ṣì jẹ́ 47, bírékà sì ti ju wáyà lọ. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ wáyà náà mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ibẹ̀ ni ilé ti máa ń jóná. Bí ẹnìkan bá bi yín pé kí ló dé tí a kì í kàn fi bírékà ńlá sí i, ṣé ẹ lè dá a lóhùn? Bí ẹ bá lè dá a lóhùn, apá tó le jù ti tán.

Ohun méjì ṣì kù nípa iná. Àkọ́kọ́ ni ìdè. Níbi tí wáyà ti wọ inú ṣáwà, síkúrúù ló dè é mọ́ irin. Bí síkúrúù yẹn kò bá fún, ojú ibẹ̀ á máa dènà iná díẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì ń dènà iná ló ń gbóná. Ẹ̀dènà kékeré bíi 0.02 óòmù, tí 40 A ń gbà kọjá, ń mú ooru wáàtì 32 jáde ní ojú ìdè kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ibi tó ti dúdú, tí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, nínú ṣáwà àtijọ́ tàbí nínú súwíìṣì olókùn tí ẹ máa ń fà. Èkejì ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ ká máa pè ní agbẹ̀mílà. Lẹ́tà RCD ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà. Bí ìyàtọ̀ bá tó 30 mílíáńpíà, ìyẹn ni pé iná ń gba ibòmíràn kọjá, bóyá ara èèyàn, ó gbọ́dọ̀ já kíá. Láti ọdún 2008 ni ìlànà iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo iná balùwẹ̀ tí wọ́n bá to tuntun, nítorí náà ṣáwà tó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn lè má ní in. Bírékà ń ṣọ́ wáyà, agbẹ̀mílà ń ṣọ́ ẹ̀yin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan rọ́pò èkejì fún yín. Ṣé ìyàtọ̀ wọn hàn?

Ta ni kó ṣe iṣẹ́ náà? Ní England, apá kan òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní Part P, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ló ń darí iṣẹ́ iná inú ilé. Bí ẹ bá yọ ṣáwà kan, tí ẹ sì fi irú rẹ̀ sí ibi kan náà, lórí wáyà kan náà, kò di dandan kí ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa wáyà tuntun láti àpótí fíùsì, oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ ni kó ṣe é, kó sì fún yín níwèé ẹ̀rí, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà ilé, onílé tàbí káńsù ni kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ̀yin ṣe iṣẹ́ ògiri àti ti omi bó bá wù yín, kí oníṣẹ́ iná yẹ wáyà àti bírékà wò kí ẹ tó ra nǹkan, kí òun náà sì so wáyà. Òfin lè gbà yín láyè láti so ó fúnra yín. Síbẹ̀, omi àti 40 A kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́.

Ní ti rírà, ẹ ra kW kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ibi tí páìpù omi ti ń wọlé, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, tàbí láti ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, kí ẹ sì ra èyí tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ìbú àti gíga ti àtijọ́. Bí tuntun bá kéré jù ú, àwọn ihò àtijọ́ á hàn lára táìlì. Ẹ bi wọ́n bóyá ó jẹ́ ti omi tó ń bọ̀ tààrà láti ojú pópó, torí pé ti inú táńkì òkè àjà yàtọ̀. Ìyẹn kò nílò àlàyé púpọ̀, àbí?

Ó wá kan iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa bírékà ṣáwà nínú àpótí fíùsì. Fífa okùn nìkan kò tó: wáyà tó dé inú súwíìṣì olókùn ṣì ní iná, ẹlòmíràn sì lè wọlé kó fa okùn náà. Ẹ ti bírékà náà pa ní àgádágodo rẹ̀, tàbí kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn kí ará ilé má bàa tàn án. Lẹ́yìn náà ni kí oníṣẹ́ yín fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́ta: lára ibi tí a mọ̀ pé iná wà, lára wáyà ṣáwà tó yẹ kó ti kú, àti lára ibi àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ lè béèrè pé kí ni ẹ̀kẹta wà fún. Bí tẹ́sítà bá kú láàárín iṣẹ́, yóò sọ pé kò síná níbi tí iná wà. Ẹ̀kẹta ló ń jẹ́rìí sí i pé ó ṣì ń sọ òótọ́. Ṣé ẹ rí ìdí rẹ̀?

Ẹ wá ti omi. Táàpù àgbà ilé sábà máa ń wà lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná; ẹ yí i sí apá ọ̀tún títí yóò fi dúró. Nǹkan kan wà níbí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ẹ kò lè tẹ ṣáwà kí omi tó ṣẹ́ kù nínú páìpù jáde, torí pé ìlẹ̀kùn omi inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí iná ń ṣí, a sì ti pa iná. Omi tó wà nínú páìpù ṣì ń tì. Ẹ ṣí táàpù omi tútù ìsàlẹ̀ ilé kó dà jáde síbẹ̀, kí ẹ sì gbé abọ́ àti aṣọ sábẹ́ ṣáwà kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì. Bí táàpù ìsàlẹ̀ bá ti dákẹ́, tí kò kán mọ́, ẹ lè máa bọ̀.

Ẹ tú ìdérí, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò inú rẹ̀. Wáyà mẹ́ta lẹ ó rí: agbénáwá, tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tàbí pupa ní ilé àtijọ́, adánápadà, tó jẹ́ búlúù, tàbí dúdú ní ilé àtijọ́, àti wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń lo àwọn àwọ̀ tuntun. Bí bàbà ibẹ̀ bá ti dúdú tàbí tí rọ́bà rẹ̀ gbẹ, oníṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ gé e padà dé ibi tó mọ́. Ẹ wo ìdè inú súwíìṣì olókùn náà lọ́jọ́ yìí kan náà; ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ṣé ẹ ti mọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra?

Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ iná bá ti tú wáyà, tí ẹ ti yọ ṣáwà àtijọ́ kúrò, tí ẹ sì ti kan ẹ̀yìn ṣáwà tuntun mọ́ ògiri, ẹ má so páìpù mọ́ ọn kíá. Ẹ kọ́kọ́ ṣí omi díẹ̀ kó tú sínú garawa, torí pé yanrìn àti ìdọ̀tí tó wà nínú páìpù á dí asẹ́ kékeré tó wà ní ẹnu ọ̀nà omi. Ẹ wá so ó, ẹ ṣí omi nígbà tí iná ṣì kú, kí ẹ fi bébà ìnuwọ́ nu gbogbo oríkèé rẹ̀. Bí bébà bá tutù, omi ń jò. Ìgbà tí ó bá gbẹ ni oníṣẹ́ iná á tó so wáyà, á fún síkúrúù pinpin, á sì dé ìdérí. Bí ẹ bá fẹ́ fi sílíkóònù dí etí rẹ̀, ẹ ka ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà sọ, ṣùgbọ́n ẹ má dí ìsàlẹ̀ láé. Bí omi bá jò nínú lọ́jọ́ kan, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà jáde kí ẹ lè rí i. Bí ẹ bá dí i, inú ògiri ni yóò wọ̀. Ṣé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn dúró dáadáa lọ́kàn yín: fọ páìpù, so omi, yẹ̀ ẹ́ wò, kí iná tó tẹ̀ lé e?

Títàn àkọ́kọ́ ní ìlànà tirẹ̀. Agolo inú ṣáwà tuntun ṣófo, irin amómigbóná tó bá tàn nínú agolo òfìfo á jó kó tó gbé omi. Nítorí náà, ẹ yọ orí ṣáwà kúrò, ẹ yí bọ́tìnì sí omi tútù, kí ẹ tó tan iná. Afẹ́fẹ́ á máa tú jáde pẹ̀lú omi. Ẹ jẹ́ kó ṣàn títí yóò fi já geere láìta, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i sí omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ da orí rẹ̀ padà, kí ẹ sì fi ọ̀pá rọ́bà náà gba inú òrùka tó wà lára ọ̀pá ògiri. Àwọn kan máa ń sọ òrùka yẹn nù. Òun ni kì í jẹ́ kí orí ṣáwà wọ inú omi ìdọ̀tí baàfù. Òfin omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1999 kò fẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ ráyè fà padà sínú páìpù tí aládùúgbò yín ń mu. Bí omi bá ń tú lábẹ́ àpótí nígbà tí ọ̀pá rọ́bà ká, ẹ̀rọ náà kò tíì bàjẹ́: ẹnu àbò kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí nígbà tí omi kò bá ríbi gbà. Ní àwọn irú ṣáwà kan, ẹ̀yà náà á nílò pípààrọ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣí. Ṣé ẹ ṣì ń bá mi bọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti gúúsù ìlà-oòrùn England, omi yín ní ẹfun púpọ̀. Ẹfun yẹn máa ń dí ojú ihò orí ṣáwà, omi á wá máa tì padà sí agolo, ẹnu àbò yẹn á sì ṣí. Ẹ máa fi ọtí kíkan rẹ orí ṣáwà mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ẹnìkan bá wẹ̀ tán, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbígbẹ kan ìdérí súwíìṣì olókùn. Lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ kò burú. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ pa bírékà, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dé.